Ọjọ́ Ta Ni Ìyá Yìí Ń Lò?

Orí fóònù àbúrò mi ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà wọlé sí. Àbúrò mi ti kú nígbà náà. A ti ṣe fídáù rẹ̀, a ti pín aṣọ rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì ń ki fóònù rẹ̀ bọ iná láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo kàn ń ṣe é ni.

Ẹni tó kọ̀wé sí i kò mọ̀ pé ó ti kú. Ó kí i dáadáa, ó ní òun rí fídíò ìyá àgbà tó gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé òun ń bá àwọn kan ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń wádìí ọ̀rọ̀ àwọn tó bá sọ pé àwọn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún dáadáa, láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó béèrè bóyá òun lè wá kí ìyá nílé. Ó fi àwòrán ẹ̀rín sí ìparí rẹ̀. Mo dá a lóhùn pé ẹni tó ń wá kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ìyá wà. Nígbà tí mo tún un kà ni mo rí i pé ó le, mo sì fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Fídíò yẹn, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ló yà á. Àwa mẹ́rin là ń gbé inú yàrá méjì àti pálọ̀ ní Mafoluku nígbà náà: ìyá àgbà tó bí màámi, màámi fúnra wọn, èmi, àti àbúrò mi tó ń bá wọn gbé ẹrù ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ìyá àgbà jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fi eyín ẹnu ara wọn fọ́ àsálà. Àbúrò mi na fóònù sí wọn, ó ní, “Ìyá, ẹ sọ fún àwọn èèyàn mi, ọmọ ọdún mélòó ni yín?”

“Ta ló kà á?” ni ìyá àgbà dáhùn. “Ọmọ mi ti gbéyàwó, ó ti ń ṣòwò ní Kúmásì, kí ogun Jámánì kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ni wọ́n rán lọ síléèwé, ìwọ ṣírò ẹ̀.”

Àbúrò mi ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ọmọ bá ti gbéyàwó ṣáájú ogun yẹn, ìyá ọmọ ńkọ́? Ó kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà pé ìyá ọgọ́fà ọdún rèé ní Mafoluku, tó ń fi eyín fọ́ àsálà. Àwọn èèyàn wò ó, wọ́n ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fún àwọn náà ní irú rẹ̀. Inú àbúrò mi dùn débi pé ó ra mínírà fún gbogbo ilé.

Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò bá a jiyàn. Iṣẹ́ mi ni láti máa béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ èèyàn. Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ní Ìsọlọ̀ ni mo ti ń gba orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀, mo sì ti gbọ́ oríṣiríṣi. Mo ti rí ìyá tó ní òun jẹ́ ọmọ àádọ́ta ọdún, tí àkọ́bí rẹ̀ tó mú un wá náà sì ti ń sún mọ́ àádọ́ta. Mo ti rí bàbá tó kọ́kọ́ ń wo ojú ìyàwó rẹ̀ kó tó dáhùn. Ní ti àwọn arúgbó, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n bí gbogbo wọn pátá, nítorí pé ọjọ́ tí akọ̀wé tó ń ṣe káàdì rántí nìyẹn. Ìyá àgbà náà, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni tiwọn. Ohun tí wọ́n bá sọ fún mi ni mo máa ń kọ, màá sì pe ẹni tó kàn.

Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi sọ pé orí ń fọ́ òun. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, a ti sin ín. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo èèyàn ní kí n sunkún, pé yóò fúyẹ́ lára mi. Mo wá ẹkún náà títí, mi ò rí i. Ara mi kàn kú tipiri ni. Mò ń jẹun, mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń béèrè ọjọ́ orí, mò ń bọ̀ wálé.

Ọjọ́ fídáù ni ọ̀rọ̀ burúkú náà jáde. Obìnrin kan nínú ẹbí, tó ti ìlú wa lápá Ọ̀yọ́ wá, dúró lẹ́yìn ilé níbi tí a ti ń bu ìrẹsì, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin àkọ́kọ́ tí ìyá àgbà bí, ó ti kú. Ọkùnrin tó tẹ̀ lé e, ó ti kú. Ọmọbìnrin wọn àgbà, òun náà ti kú. Màámi nìkan ló kù nínú mẹ́rin, ó sì wá kan ọmọ màámi. Ó wá ní, “Ọgọ́fà ọdún! Ọjọ́ ta ni ìyá yìí ń lò?”

Kò tilẹ̀ rọra sọ ọ́. Ìyá àgbà wà nínú yàrá, fèrèsé yàrá náà sì ṣí sílẹ̀. Màámi dúró pẹ̀lú ṣíbí ìrẹsì lọ́wọ́. Mò ń retí kí wọ́n bú obìnrin náà, nítorí wọn kì í gba ìgbàkugbà lọ́wọ́ ẹbí, ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé irọ́ ni. Èmi náà kò dá iṣẹ́ dúró. Mò ń to abọ́ ni.

Ó yẹ kí n sọ nípa oúnjẹ díẹ̀. Láti kékeré màámi ni ìyá àgbà ti máa ń ṣẹ́ oúnjẹ kù fún wọn. Ìyá àgbà kì í jẹ oúnjẹ tiwọn tán. Wọ́n á fi díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi ẹja díẹ̀ lé e, wọ́n á ti abọ́ náà síwájú, wọ́n á ní, “Gbà, jẹ ẹ́.” Màámi ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ewú ti gba orí wọn, síbẹ̀ wọ́n á jókòó sílẹ̀, wọ́n á jẹ àjẹkù ìyá wọn, wọ́n á sì lá ọwọ́. Èmi àti àbúrò mi máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ wẹ́wẹ́ wa ti ń jẹun.

Lẹ́yìn fídáù, màámi jáwọ́. Wọ́n á gbé oúnjẹ ìyá àgbà sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á yí padà. Bí abọ́ bá padà dé pẹ̀lú àjẹkù nínú rẹ̀, wọ́n á dà á nù, wọ́n á fi ọṣẹ fọ abọ́ náà, wọ́n á tún un fọ̀. Wọn kì í wọ yàrá náà mọ́. Wọ́n á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ìyá wọn láàárọ̀, ó parí. Ìyá àgbà kò béèrè ohunkóhun. Wọ́n ṣáà ń fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú abọ́ ni.

Nítorí náà, nígbà tí mo sọ fún màámi pé ẹnì kan fẹ́ wá wádìí ọjọ́ orí ìyá àgbà, mo rò pé wọ́n á ní kí n má jẹ́ kó wá.

“Jẹ́ kó wá,” ni wọ́n sọ. “Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n.”

“Kí lẹ fẹ́ mọ̀?”

“Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí. Tí ìyá mi bá jẹ́ ọgọ́fà, mélòó ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n bí mi? Obìnrin wo ló ń bímọ nígbà tó ti kọjá àádọ́ta, tí kì í ṣe pé nǹkan wà níbẹ̀? Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé arúgbó lásán ni wọ́n. A jẹ́ pé ikú tó pa àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ikú lásán ni. Ikú tó pa ọmọ mi, ikú lásán ni.” Wọ́n fi etí ìró nu ojú wọn. “Èmi nìkan ló kù, ṣó o gbọ́? Ẹ̀rù ìyá mi ń bà mí.”

Mo gbọ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dùn mí, láti ẹnu ìyá mi, nípa ìyá tiwọn. Kò dùn mí. Mo ní ó dáa, màá ní kó wá.

Olùwádìí náà ti Àgọ́ Palace wá. Obìnrin ni, ẹgbẹ́ mi, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà dáadáa. Ìyẹn nìkan ti tó kí ìyá àgbà fẹ́ràn rẹ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí àga kó lè gba ohùn sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún èmi àti màámi pé èyí tó pọ̀ jù nínú irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ kì í já sí òótọ́. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ń purọ́, ọjọ́ orí ló máa ń gùn sí i bí ẹnu kan ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ẹnu kejì. Níbi tí kò bá ti sí ìwé ìbí, ó máa ń wá nǹkan tí kò ṣeé yí padà, bí ọdún ogun, yóò wá fi ọjọ́ orí ọmọ wá ti ìyá.

“Màámá, ẹ jọ̀ọ́ ma, ọmọ mélòó lẹ ní?”

“Márùn-ún,” ni ìyá àgbà dáhùn.

Màámi wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n máa ń dúró sí. “Mẹ́rin ni, ọmọ mi,” ni wọ́n sọ fún obìnrin náà. “Ẹ má bínú, wọ́n ti ń gbàgbé.”

“Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Márùn-ún ni mo sọ. Ẹ̀yin mẹ́rin, àti èyí tó lọ sí Kúmásì.”

“Èwo ló lọ sí Kúmásì, Ìyá?”

“Ìwọ ò mọ̀ ọ́n. Ó ti kú kí n tó bí ẹ.”

Olùwádìí náà sún àga rẹ̀ mọ́ wọn. Ó béèrè bóyá ọmọ náà ti gbéyàwó lóòótọ́ kí ogun Jámánì kejì tó dé. Ìyá àgbà ní ó ti gbéyàwó tipẹ́, pé ìyàwó rẹ̀ tọ́jú àwọn gan-an, èèyàn dáadáa ni. Ó béèrè ohun tí ó ń tà ní Kúmásì. Ìyá àgbà ní aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sọ láìronú, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, wọ́n ń fi orúkọ ìlú náà kọrin pé Kúmásì, Kúmásì. Bí olùwádìí náà ṣe ń lọ, ó dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́nu géètì. “Àǹtí, ó jọ pé èyí máa dúró o. Èyí serious. Tó bá dúró, màámá wà lára àwọn tó dàgbà jù láyé nìyẹn.”

Mo padà wọlé, mo bá màámi ní kíṣíìnì. Wọ́n di etí síńkì mú.

“Márùn-ún,” ni wọ́n ń sọ. “Òmíràn ti wà níwájú wa tó ti kú, wọn ò sì sọ fún wa.”

“Màámi, ẹ jókòó.”

“Mi ò jókòó. Tí obìnrin yẹn bá ti fọwọ́ sí ọgọ́fà yẹn báyìí, mò ń lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní Jákàńdè, ní Ìsọlọ̀. Yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ ẹ̀. Mi ò lè bá wọn gbé mọ́.”

“Ta ló máa wá máa tọ́jú wọn?”

“Ìwọ. Ìwọ tí nǹkan kan kì í bà lẹ́rù mọ́.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n fa báàgì jáde lábẹ́ ibùsùn lọ́jọ́ yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sí i díẹ̀díẹ̀. Báàgì náà wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn pálọ̀, mo sì ń rìn yí i ká.

Nígbà tó yá, olùwádìí náà pè mí níbi iṣẹ́. Ó ní àwọn ọ̀gá òun kò gbà pé obìnrin lè bí màámi ní ọjọ́ orí tí ìṣirò wa gbé e sí, ṣùgbọ́n tí a bá lè rí orúkọ ọmọ tó lọ sí Kúmásì yẹn, àti ẹnì kan nínú ẹbí tó mọ̀ ọ́n, bóyá ọ̀rọ̀ yóò yanjú. Ó bẹ̀ mí kí n fẹ̀sọ̀ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ tó kú ni. Mo ní kò sí wàhálà. Aláìsàn kan dúró níwájú mi, mo bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń wẹ ìyá àgbà dáadáa. Wọ́n á jókòó sórí àpótí nínú balùwẹ̀, èmi á pọ́n omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, màá fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú rọra ha ẹ̀yìn wọn. Ara wọn fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe ń dami sí wọn léjìká, mo ní, “Ìyá, ọmọ yín tó lọ sí Kúmásì yẹn, irú èèyàn wo ni?”

“Ọmọlúwàbí ni.” Inú wọn dùn sí ìbéèrè náà, ó hàn ní ohùn wọn. “Ojoojúmọ́ ló máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi kó tó lọ sóko. Gbalaja ni o, kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀yin ọmọ Èkó ń ṣe, tí ẹ̀ ń fọwọ́ kan ilẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa owó. Á ní, ‘Ìyá mi, ẹ káàárọ̀ o.’ Èmi á bú sẹ́rìn-ín, màá rákòrò lọ bá a, màá dì í nírùngbọ̀n mú.”

Ọwọ́ mi dúró. “Ẹ ṣe kí ni?”

“Mo rákòrò. Mi ò tíì lè rìn.”

“Àìsàn ló ṣe yín?”

“Àìsàn báwo? Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà yẹn!”

Ọkọ̀ òfurufú kan ń kọjá lórí ilé, a ò lè gbọ́ ara wa. Mo di ike omi náà mú títí ó fi kọjá.

“Ìyá,” mo ní, “ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?”

“Báwo ni màá ṣe bí i? Òun ló bí mi.”

“Ẹ ní ọmọ yín ni.”

“Ọmọ mi ni. Bàbá mi ni, ọmọ mi sì ni. Èwo ló wá le níbẹ̀?” Wọ́n gbọn omi kúrò létí. “Obìnrin yẹn bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní. Ká ní ó bi mí pé mélòó ni mo bí ni, ṣé mi ò mọ mẹ́rin kà ni?”

Orúkọ tí wọ́n sọ ìyá àgbà ni èyí tí à ń sọ ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí lẹ́yìn tí ìyá àgbà ilé ti kú, orúkọ tó ń sọ pé ìyá ti padà dé. Ìdílé mùsùlùmí ni wá, àlùfáà kankan ò sì ní gbà fún wa pé ẹni tó kú ń padà wá, síbẹ̀ mi ò mọ ìdílé mùsùlùmí tí orúkọ náà kò sí. Mo ti kọ ọ́ sórí káàdì níbi iṣẹ́ mi láìmọye ìgbà. Olùwádìí náà gbọ́ ọ, ọmọ Yorùbá ni òun náà, ó sì béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Màámi gbọ́ ọ dàgbà. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ ni, a kàn ń pè é.

Mo nu ara wọn, mo gbé wọn jókòó sórí ibùsùn, mo ń fi òrí pa wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n sì sọ ìyókù fún mi. Kúmásì ni bàbá wọn wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú nílé. Wọ́n ti sin òkú kí ìròyìn tó kàn án. Kò rí ojú rẹ̀, kò da erùpẹ̀ sí i lórí. Lẹ́yìn tó délé ni ìyàwó rẹ̀ lóyún, wọ́n sì bí obìnrin. Ó gbé ọmọ náà lọ́wọ́, ó ń sunkún, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọwọ́ pé ọ̀nà ló jìn. Láti ìgbà náà kò pè é ní nǹkan mìíràn ju ìyá mi lọ. Bó ṣe ń dàgbà ni bàbá rẹ̀ ń sọ fún un pé, nígbà tí ẹ wà níbí tẹ́lẹ̀, báyìí lẹ ṣe, ibi báyìí lẹ jókòó sí, títí ọmọ náà fi mọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ṣojú rẹ̀.

“Nígbà tí ogun yẹn wá bẹ̀rẹ̀,” ni ìyá àgbà sọ, “mo ti tó ọmọ tí wọ́n ń rán lọ ra iyọ̀. Iyọ̀ wọ́n. Òun ló ní kí n jókòó lọ́jọ́ kan, ó ní, ‘Ìyá mi, ẹ má tètè lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́.’ Mo ní mi ò ní tètè lọ. Ọmọdé ni mí, kí ni mo mọ̀? Mo ní mi ò ní tètè lọ.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹsẹ̀ kejì.

“Láti ìgbà tí àbúrò ẹ ti kú ni mo ti ń bẹ bàbá mi kó tú mi sílẹ̀,” ni wọ́n sọ. “Tí mo bá kírun àsùbáà tán, màá ní, ọmọ mi, ó tó, jẹ́ kí n máa bọ̀. Kò dá mi lóhùn.” Wọ́n wo ilẹ̀kùn, níbi tí àpótí oúnjẹ wà. “Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ fídáù. Etí mi ò di. Sọ fún ìyá ẹ pé ọjọ́ ara mi ni mò ń lò. Ká ní ó ṣeé ṣẹ́ kù fún èèyàn bí oúnjẹ ni, ṣé mi ò ní ṣẹ́ èyí tó kù fún ọmọ yẹn?”

Nǹkan kan mì nínú mi. Mi ò fẹ́ kó mì. Mo ń pa òrí náà nìṣó títí ẹsẹ̀ wọn fi ń dán.

Mo pe olùwádìí náà, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. “Ní,” ló wá sọ. “Ní àti bí. Haa, àǹtí! Èmi tí mò ń pe ara mi lọ́mọ Ọ̀yọ́!” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ibì kankan. Ó tún bi mí léèrè díẹ̀ nípa iyọ̀ yẹn àti ogun yẹn, ó ṣírò ní ẹnu, ó ní ìyá àgbà á jẹ́ bí ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún, kò ní jìnnà síbẹ̀. Ó ní òun máa yọ orúkọ wọn kúrò. Ó bẹ̀ mí kí n má bínú. Mo ní mi ò bínú.

Màámi wà ní pálọ̀, wọ́n ti wọ aṣọ ìjáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lórí ìdúró: Kúmásì, orúkọ, iyọ̀. Mo ní ìyá wọn kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Mo ní ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ìyá wọn nígbà tí wọ́n bí wọn, bí obìnrin yòókù ṣe ń bímọ. Màámi jókòó sórí báàgì wọn.

“A jẹ́ pé ikú lásán ni,” ni wọ́n sọ.

“Ikú lásán ni, Màámi.”

Mo rò pé ara á tù wọ́n. Ohun tí wọ́n ti ń wá náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn bó ṣe ń yí padà, ó sì yé mi. Tó bá jẹ́ pé ìyá wọn ló ń lo ọjọ́ ọmọ, ó ní ẹni tí wọ́n lè sá fún, ó ní yàrá kan ní Jákàńdè tí wọ́n lè sá lọ. Ikú lásán ò ní ibi tí èèyàn lè sá sí. Ó kàn wá pa ọmọ wọn, ó lọ.

“Wọ́n gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn sọ lọ́jọ́ fídáù,” mo ní.

“Ta ló gbọ́?”

“Ìyá. Fèrèsé ṣí sílẹ̀.”

“Àtìgbà yẹn?”

“Àtìgbà yẹn.”

Wọ́n jókòó sórí báàgì náà títí tí ìrun ọ̀sán fi tó, tí wọ́n kí i, tí wọ́n sì tún padà wá jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde lọ sí kíṣíìnì. Wọ́n tẹ ẹ̀bà, wọ́n bu ọbẹ̀ ilá sí i, wọ́n yọ egungun ẹja. Wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá àgbà. Wọn ò gbé e sórí àpótí. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyá wọn.

Ìyá àgbà kò béèrè ohun tó mú wọn wá. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, òkèlè kékeré, kékeré. Wọ́n jẹ ẹ́ dé ibi tí wọ́n máa ń jẹ ẹ́ dé, wọ́n dúró, wọ́n fi ẹja díẹ̀ lé e, wọ́n ti abọ́ náà síwájú.

“Gbà, jẹ ẹ́.”

Màámi gbà á. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi ìka nu ọbẹ̀ inú abọ́ náà, wọ́n lá ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá wọn tí mo fi òrí pa láàárọ̀. “Ẹ má tíì lọ, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ.”

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. “Ìwọ náà tún ti dé,” ni wọ́n sọ. “Ti ẹni àkọ́kọ́ ò tíì tán lọ́rùn mi.” Wọ́n fi ìka gbé màámi ní àgbọ̀n, wọ́n yí ojú wọn sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n sì ń wò wọ́n, wọ́n ń wò wọ́n.

“O mà jọ ọmọ mi o,” ni wọ́n sọ.

Mò ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo dúró sí, mi ò sì bi wọ́n pé èwo.